Ọ̀gá Kékeré àti Àpò Ọkọ Mi

Télọ̀ ni mí. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń jókòó sídìí máṣíìnì, kò sì sí bí aṣọ ṣe ń ya tí mi ò tíì rí. Mo mọ èyí tí ìṣó fà ya, mo mọ èyí tí ẹni tó wọ̀ ọ́ sanra já, mo sì mọ èyí tó ya níbi ìjà lọ́kọláya tí wọ́n á ní ilẹ̀kùn ló fà á. Ṣùgbọ́n mi ò rí i rí kí àpò ẹ̀wù kan ṣoṣo ya lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹni tó ni ín sì máa gbé e kalẹ̀ níwájú mi láìwo ojú mi.

Ọkọ mi ló ni ẹ̀wù. Ẹṣin ló ń ya á.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí. Tí mo bá wà níwájú ọkọ mi, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, "ó" ni mo máa lò, torí mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ máa bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin tí ẹṣin ọmọ ọdún méjì ń rán níṣẹ́.

Ẹṣin ọ̀hún ò ga ju àyà mi lọ. Irú àwọn ẹṣin kúkúrú yẹn ni, kò sì ní ga ju bẹ́ẹ̀ lọ mọ́. Ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan tó ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ. Àwọ̀ ẹ̀ dà bí tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, irun iwájú orí ẹ̀ sì bo ojú ẹ̀ kan. Wọ́n ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ọkọ mi wo ilé, ó wo ẹṣin, ó sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹṣin náà kúkú ti mọ ipò ara ẹ̀.

Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ọkọ mi fi ṣiṣẹ́ ní rélùwéè. Yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló máa ń wà. Tí ọkọ̀ bá fọn fèrè lókèèrè, á fa irin gígùn kan, ọ̀nà á ṣí, ọkọ̀ á kọjá. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, látàárọ̀ dalẹ́. Ọjọ́ tó fẹ̀yìntì, wọ́n fún un ní aago ògiri. Ó gbé e délé, ó gbé e kọ́, ó jókòó sísàlẹ̀ ẹ̀, ó sì dákẹ́.

Oṣù mẹ́jọ ló fi dákẹ́. Mi ò ṣàwàdà níbí yìí o. Kò ṣàìsàn, kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Tí mo bá bi í pé kí la máa jẹ, á ní "Ohunkóhun." Tí Ìbejì wa bá pè lórí fóònù láti ilé ọkọ wọn, á gbé fóònù fún mi. Èmi ni mo ń bá àlejò sọ̀rọ̀, èmi ni mo ń dáhùn ohun tí wọ́n bi í. Ìgbà tí ẹṣin dé ló tó dìde lórí àga. Ó ń jí kùtùkùtù, ó ń wọ bàtà, ó ń wá kárọ́ọ̀tì kiri inú ilé ìdáná mi. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lú, àmọ́ kì í ṣe èmi ló ń bá sọ ọ́, ẹṣin ni. Mo jowú, kí n má purọ́. Síbẹ̀ mo máa ń dúró sẹ́yìn ògiri ilé ẹṣin kí n lè gbọ́ ohùn ẹ̀, inú mi á sì máa dùn.

Ọgbà tí Ọ̀gá Kékeré ń gbé, Màdáámù ló ni ín. Obìnrin gíga kan ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé bí wọ́n ṣe ń gẹṣin. Ogún ìṣẹ́jú ni téèyàn bá fẹsẹ̀ rìn láti ilé wa. Yàrá mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan pẹ̀lú géètì onírin tó dé àyà, bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan, àti koríko gbígbẹ nílẹ̀. Gbogbo ibẹ̀ mọ́ tónítóní. Ẹṣin mẹ́jọ, méje nínú wọn níwà.

Bọ́tìnì ni Ọ̀gá Kékeré fi bẹ̀rẹ̀. Ó bọ́ sórí àpò. Nígbà tó yá, ó bọ́ sórí èèyàn. Ọkùnrin tó ń gé pátákò àwọn ẹṣin wá lọ́jọ́ kan (Onípátákò ni gbogbo wa ń pè é), ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin sáàárín orúnkún ẹ̀, ni Ọ̀gá Kékeré bá yí ọrùn, ó wo ìdí tó wà níwájú ẹ̀, ó sì gé e jẹ. Igbe tí Onípátákò ké, wọ́n gbọ́ ọ lójú títì. Kò tíì san tán tí ẹṣin fi tún fa èjìká ẹ̀wù ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan ya. Èmi náà ni mo rán an.

Ni Màdáámù bá pe èmi àti ọkọ mi lọ́jọ́ Sátidé kan.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi," ló wí. "Ọmọ kéékèèké ló ń wọ ọgbà yìí. Sátidé tó ń bọ̀, láago mẹ́wàá àárọ̀, èmi fúnra mi á wọlé lọ bá ẹṣin yín. Tó bá gé mi jẹ, tàbí tó fi orí tì mí, á kúrò níbí lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tó ń ta bíríkì ti ní òun á mú un, kó máa bá òun fa kẹ̀kẹ́ ẹrù."

"Ó dáa, mà," lọkọ mi sọ.

Kò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi délé. Ó jókòó sábẹ́ aago. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní ẹ ṣé. Ọkọ mi kì í sọ "ẹ ṣé" fún mi, "o ṣé" ló máa ń sọ. Ọkàn ẹ̀ ò sí nílé rárá ni. Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe tìtorí ẹṣin, ẹṣin ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó lè rìn lọ síbi tó bá wù ú. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Oṣù mẹ́jọ ló fi bá wa gbé, mi ò sì fẹ́ kó padà wálé.

Ní Mọ́ńdè, mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa, mo tẹ̀ lé e lọ sí ọgbà, mo fara ti géètì, mo ń wòran.

Ọkọ mi wọlé pẹ̀lú àpò tó kún. Ọ̀gá Kékeré fi orí tì í láyà, ọkọ mi mú kárọ́ọ̀tì jáde fún un. Ó fa apá ẹ̀wù ẹ̀, ọkọ mi fún un ní kárọ́ọ̀tì. Ó já bọ́tìnì kan, ó tu ú dànù, ọkọ mi ní, "Ó tó, ó tó, má bínú," ó fún un ní méjì. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹṣin yìí ò ṣe ìwà rere kan ṣoṣo, ó sì ti jẹ kárọ́ọ̀tì méje.

"Bàbá Ìbejì," mo ní, "ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ́ ta níbí?"

"Mò ń kọ́ ọ ní ìwà pẹ̀lẹ́."

"Òun ló ń kọ́ yín o! Ó tì yín, ẹ fún un ní ẹyọ kan. Ó gé yín jẹ, ẹ sọ ọ́ di méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ gidi lẹ jẹ́, ẹ tètè ń mọ̀wé."

"Tí mi ò bá fún un, inú á bí i," ló dáhùn. "O ò rí bó ṣe ń bèèrè ni?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi. Ọdún mẹ́rìndínlógójì! Nǹkan á fọn fèrè, ọkọ mi á ṣí ọ̀nà. Kò mọ ìwà míì tí èèyàn lè hù.

"Olówó orí mi," mo ní, "ọkọ̀ ojú irin kọ́ lèyí. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá fọn fèrè lẹ máa ṣí ọ̀nà fún."

Ó wo ẹṣin. "Tí mi ò bá ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀," ló wí, bí ẹni ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀, "ńṣe ló máa ń dúró."

"Ẹ jẹ́ kóun náà dúró."

Onípátákò wà nítòsí, ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n dojú ẹ̀ dé, ìdí kan ṣoṣo ló fi jókòó. Mo kí i kú ìrora. Mo ní kó gbà wá, kó má wo ti ohun tí ẹṣin fojú ẹ̀ rí.

"Ojú kọ́ ló fi rí i, Màmá," ló wí. Ó dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Bàbá, ẹ má gbá a lẹ́nu o. Ẹni tó bá gbá ẹṣin lẹ́nu ti bá a bẹ̀rẹ̀ eré nìyẹn, á kàn kọ́ bó ṣe máa gé e jẹ kó sì tètè sá. Ohun téèyàn bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kárọ́ọ̀tì ò ṣẹ̀ yín. Ibi tí ẹ ń fún un sí àti ìgbà tí ẹ ń fún un, ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ wà."

Ó wá ṣàlàyé ẹ̀ fún wa. Kí kárọ́ọ̀tì má sí lápò iwájú mọ́ rárá. Kí ọkọ mi di ẹyọ kan sínú ẹ̀ṣẹ́, kó nà án sí ẹṣin, kó sì dúró. Kó jẹ́ kí ẹṣin ṣe gbogbo ohun tó bá fẹ́ sí ẹ̀ṣẹ́ náà. Ìgbà tí ẹṣin bá mú imú ẹ̀ kúrò, tó yí orí sí ẹ̀gbẹ́, kó sọ pé "Ó dáa," kó sì fún un, lórí àtẹ́lẹwọ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, pẹ̀lú apá tó nà jìnnà sí ara. Tó bá sì fi orí tì í, kó jáde, kó pa géètì dé, kó kẹ̀yìn sí i.

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn?" lọkọ mi bi í.

"Gbogbo ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá rọrùn fún, kó wá sọ fún mi."

Mo lọ sílé, mo wá ṣòkòtò kákí rélùwéè ọkọ mi kan tó ti gbó, mo gé e, mo fi rán àpò kan tó máa wà ní ẹ̀yìn ìbàdí, pẹ̀lú ìderí tó ní bọ́tìnì alátẹ̀mọ́ méjì. Mo wá mú ẹ̀wù ẹ̀, mo rán ẹnu àpò iwájú ẹ̀ méjèèjì pa. Ó ní ibo lòun máa wá ki ọwọ́ bọ̀. Mo ní kó máa gbé e rìn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ò dùn ún wò. Ọ̀gá Kékeré fi ètè ra ẹ̀ṣẹ́ náà, ó lá a, ó fi eyín họ ọ́. Ó fi pátákò gbá ilẹ̀. Nígbà tí kò sí èsì, ó fi orí ti ọkọ mi. Ọkọ mi jáde, ó pa géètì, ó kẹ̀yìn sí i, ojú ẹ̀ sì dà bí ojú ẹni tó fi ọmọ sílẹ̀ nílé ìwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

"Àánú ẹ̀ ń ṣe mí," ló wí.

"Kó máa ṣe yín níta níbẹ̀," mo dá a lóhùn.

Ìgbà kẹwàá ló wọlé padà kí ẹyẹ kan tó fò kọjá lókè géètì. Ọ̀gá Kékeré yí orí láti wò ó. "Ó dáa!" lọkọ mi pariwo, ó sì na kárọ́ọ̀tì sí i. Ẹṣin ò mọ ohun tóun ṣe. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ronú. Ó ti ẹ̀ṣẹ́, kò rí nǹkan kan. Ó wo ibi tí ẹyẹ gbà lọ, kárọ́ọ̀tì dé. Mo rí i tí etí ẹ̀ méjèèjì dìde.

Nígbà tó fi máa di Wẹ́sìdeè, tọ́wọ́ bá ti nà sí i, ńṣe ló máa ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ wẹ́rẹ́, bí ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé tí wọ́n ń fi oúnjẹ lọ̀. Inú ọkọ mi dùn dé ibi pé ó jẹ oúnjẹ alẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní Tọ́sìdeè, ayé dàrú. Bí ọkọ mi ṣe dé géètì láàárọ̀, Ọ̀gá Kékeré na ọrùn jáde, ó sì gé ẹ̀wù ẹ̀ mú. Nínú yàrá, ó níwà. Lójú géètì, ọ̀daràn. Onípátákò wá wò ó, ó mi orí.

"Ẹnì kan ń fún un lójú géètì," ló wí. "Ẹṣin kì í dá irú èyí rò."

"Kò sẹ́ni tó ń wá síbí ju àwa lọ," lọkọ mi sọ. Ohùn ẹ̀ ti wálẹ̀. "Bóyá kò lè gbọ́ ni. Ọjọ́ méjì ló kù."

Èmi ò dá sí i. Ọ̀rọ̀ ò dùn lẹ́nu ìyá olè.

Ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi. Láago mẹ́jọ àràárọ̀ ni mo máa ń gbé fúláàsì tíì lọ fún ọkọ mi, á sì ti wà lẹ́yìn, níbi tó ti ń pọnmi. Mo ní láti gba iwájú géètì yẹn kọjá. Ọ̀gá Kékeré á na ọrùn sí bùláòsì mi, bẹ́ẹ̀ bọ́tìnì ara bùláòsì mi, èmi ni mo máa ń fọwọ́ ara mi fi aṣọ bò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ni mo ń gé kárọ́ọ̀tì fún un nílé, ẹyọ kan tàbí méjì kì í wọ́n nínú báàgì mi. Mo kàn máa ń jù ú sí i lẹ́nu kí n lè ráyè kọjá ni. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ṣe é. Ó dáa, mẹ́rin.

Fúráìdeè, mo pinnu pé mi ò ní ṣe é. Mo dé ibẹ̀, ẹṣin na ọrùn, eyín ẹ̀ kan bọ́tìnì mi òkè, ọwọ́ mi sì ti wà nínú báàgì kí n tó mọ̀. Ọ̀gá Kékeré ṣì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ mi nígbà tí mo gbójú sókè. Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kankan.

"Ìyá Ìbejì," ló wí.

Mo gbé báàgì pa mọ́ sẹ́yìn bí olè. Èmi!

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ́ ta níbí?" lọkọ mi bi mí.

Ó wá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi fọwọ́ ti ògiri, títí ẹṣin yàrá kejì fi yọrí wò ó. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Mo fẹ́ bínú, inú ò rí mi bí. Mo ní kó mú mi lọ sẹ́wọ̀n.

Kò mú mi lọ sẹ́wọ̀n, iwájú géètì ló fi mí sí. Gbogbo ọjọ́ Fúráìdeè, èmi ni mo di ẹ̀ṣẹ́, èmi ni mo dúró, òun ló jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń wí pé, "Kó máa ṣe ọ́ níta níbẹ̀." Bọ́tìnì mẹ́ta lọ sí i. Ó nira, ẹ gbà mí gbọ́. Kí nǹkan tó lẹ́wà báyẹn máa bẹ̀ ọ́, kóo mọ̀ pé o lè fún un, kóo má sì fún un. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹṣin ti ń yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ fún èmi náà lójú géètì.

Sátidé, aago mẹ́wàá. Màdáámù dé pẹ̀lú bàtà gíga ẹ̀, ó ṣí géètì, ó wọlé. Mo di apá Onípátákò mú níta, ó ní kí n rọra, ibi tó kù lára òun nìyẹn.

"Ọ̀gá Kékeré, báwo ni?" Màdáámù na ọwọ́ sí i.

Ọ̀gá Kékeré wo ọwọ́ náà, ó yí ojú sí ògiri.

Màdáámù gba apá kejì, ó tún na ọwọ́. Ẹṣin yí ojú sí ògiri kejì.

"Ṣé èmi ni ẹṣin yìí ń ṣe báyìí sí?" Ó wo ọkọ mi, ó wo èmi náà. "Mo kí i, ó mójú kúrò? Kí ni mo ṣe fún un?"

Ẹ wò mí, mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé. Ọkọ mi yára jù mí lọ.

"Rárá o, mà, kì í ṣe àrífín. Ọ̀wọ̀ ló fi wọ̀ yín. Ẹ má wo bí ọmọ èèyàn ṣe ń kíni, ẹṣin ni. Tẹ́lẹ̀, tó bá ti rí ọwọ́, á gbà á mú ni. A wá fi yé e pé ohun tó dáa kì í wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń já a gbà. Ojú tó yí yẹn, ó ń sọ fún yín pé òun ò ní tì yín ni. Ẹ̀bi mi ni gbogbo ohun tó ṣe tẹ́lẹ̀, mà, èmi ni mo kọ́ ọ láìmọ̀..." Ó ń sọ ọ́ lọ bẹ́ẹ̀, látorí ẹ̀ṣẹ́ dórí ẹyẹ, dórí géètì. Orí mi wú. Mi ò gbọ́ kó sọ tó bẹ́ẹ̀ papọ̀ láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìntì.

Màdáámù gbọ́ ọ tán. Ó gbé ẹsẹ̀ ẹṣin wò, ó fọwọ́ ra ọrùn ẹ̀, ó fi èjìká kàn án. Lẹ́yìn náà, ó yọ súìtì kan, ó ki í bọ àpò ara ẹ̀ níṣojú ẹṣin, ó sì dúró.

Imú Ọ̀gá Kékeré tẹ̀ lé súìtì yẹn. Ó dé etí àpò. Mo rí ètè ẹ̀ tó ń gbọ̀n. Ọkọ mi ò pè é, kò mira. Ó kàn dúró, bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa ń dúró nínú yàrá kékeré yẹn nígbà tí ọ̀nà ò bá tíì dáa. Ẹṣin mí kanlẹ̀, ó mú imú kúrò, ó yí orí pátápátá sí ọ̀dọ̀ ọkọ mi.

"Ó dáa," lọkọ mi wí.

"Kó máa gbé níbí," ni Màdáámù sọ. Ó jáde, ó pa géètì dé. "Ṣùgbọ́n, Bàbá, gbogbo ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ mi ló ń fi súìtì sápò. Mo ti pariwo tì. Ṣé ẹ lè máa wá bá wọn sọ ọ́, bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi yìí?"

Ọkọ mi wo ilẹ̀. "Mi ò mọ̀rọ̀ sọ, mà," ló wí.

Ọdún kan gbáko ni mo ti ń bá a dáhùn irú ọ̀rọ̀ báyìí. Á kọ́kọ́ dákẹ́, èmi á sì gbẹnu sọ fún un: ó máa wá, kò ní wá, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ má yọ ọ́ lẹ́nu. Èsì ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Màdáámù ń wò mí, mi ò wò ó. Ìṣẹ́jú yẹn gùn ju gbogbo ọjọ́ Fúráìdeè lọ.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n máa ń wá?" lọkọ mi bi í.

Ó ń sọ̀rọ̀ bọ̀ láti ọgbà. Ó ní àwọn ọmọ tó kéré ni kóun kọ́kọ́ bá sọ ọ́. Ó ní kí n rán àpò bíi tòun fún wọn, àmọ́ kí n ṣe ìderí wọn le sí i. Ó sọ nípa ọkọ̀ kan tó fọn fèrè nínú òjò lọ́dún tí a bí Ìbejì, tí òun kọ̀ tí òun ò ṣí ọ̀nà fún un, torí màlúù kan dùbúlẹ̀ sójú irin. Mi ò gbọ́ ìtàn yẹn rí, bẹ́ẹ̀ ilé kan náà là ń sùn. A dé ẹnu ọ̀nà ilé, kò tíì sọ ọ́ tán. Mo mú kọ́kọ́rọ́ dání, mo fara ti ògiri, mi ò ṣílẹ̀kùn.